Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Rẹ̀wẹ̀sì Wá Bá Yín ní Ṣọ́ọ̀ṣì: Bí Ẹ Ó Ṣe Jókòó Tì í

Ìyá náà wọlé lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó jókòó sí etí àga bí ẹni tí kò fẹ́ kí àga mọ̀ pé òun jókòó. Ó ní orí ń fọ́ òun. Ó ní nǹkan kan ń rìn òun lára bí èèrà, láti àtẹ́lẹsẹ̀ títí dé àtàrí, àyà òun ń já, òun kì í sì rí oorun sùn. Ó ní kí n bá òun gbàdúrà. Mo gbàdúrà, ó dúpẹ́, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún dé: orí fífọ́ kan náà, èèrà kan náà. Ìgbà kẹta ni mo tó bi í pé, "Màmá, nígbà wo lẹ rẹ́rìn-ín kẹ́yìn?" Ó wò mí títí, omijé sì bọ́.

Mo ti ń ṣe káńsẹ́lọ̀ nínú ìjọ wa ní Ìbàdàn fún ọdún mẹ́rin nígbà náà, mo sì rò pé mo mọ iṣẹ́ náà. Ohun tí mo mọ̀ ni bí a ṣe ń gbàdúrà àti bí a ṣe ń tètè fèsì. Bí a ṣe ń jókòó ti ènìyàn ni mi ò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí irú àga tí mo wà nígbà yẹn ni mo kọ èyí fún: pásítọ̀, ìyàwó pásítọ̀ tí gbogbo ìjọ ń sunkún lé léjìká, díákónì, olórí ẹgbẹ́ obìnrin, àti ẹni tí wọn ò yàn sípò kankan ṣùgbọ́n tí wọ́n máa ń sọ pé "lọ bá Màmá yẹn sọ̀rọ̀". Kò ní sọ yín di dókítà. Ó lè má jẹ́ kí ẹ ṣe àwọn àṣìṣe tí mo ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ tún ibi ìjókòó ṣe

Ẹ má gba irú ọ̀rọ̀ yìí ní ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí ogún ènìyàn tò sẹ́nu ọ̀nà tí ẹnì kan sì ń kan ilẹ̀kùn pé àwọn ń dúró de kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì. Ẹ dá ọjọ́ mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀. Ẹ gbé tábìlì kúrò láàárín, nítorí tábìlì máa ń sọ ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ di adájọ́. Omi ife kan, áńkáṣíìfù tó mọ́, fóònù tó ti kú. Bí ọkùnrin bá ń gba obìnrin nímọ̀ràn, tàbí obìnrin ń gba ọkùnrin, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹnì kan wà níta tó lè rí yín ṣùgbọ́n tí kò lè gbọ́ yín.

Kí ó tó la ẹnu, ẹ sọ èyí fún un: "Ohun tí ẹ bá sọ, àárín èmi àti yín ni. Àfi bí mo bá rí i pé ẹ̀mí yín tàbí ti ẹlòmíràn wà nínú ewu ni mà á pe ẹnì kan sí i, mà á sì sọ fún yín kí n tó pè é." Kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ti di kókó àdúrà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́: "Ẹ jẹ́ ká rántí arábìnrin wa kan, a ò ní dárúkọ, tó ń gbé ilé aláwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọlọ́lọ̀..." Gbogbo ìjọ ló mọ ilé aláwọ̀ ewé náà. Arábìnrin yẹn ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ gbọ́ ohun tí ara ń bá a sọ

Ó ṣọ̀wọ́n kí ọmọ Yorùbá wọlé kí ó ní "ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń ṣe mí". Ara ló máa ń bá a sọ ọ́. Yóò ní orí òun gbóná, nǹkan ń rìn òun lára, àyà òun ń já, okun ò sí lápá lẹ́sẹ̀ òun. Tàbí kí ó ní "ìrònú ti pọ̀ jù", "ayé sú mi", "kò sí ohun tó wù mí". Àwọn ọkùnrin tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní sọ nǹkan kan. Ẹ ó kàn rí i pé ó ń kanra mọ́ gbogbo ènìyàn, pé ó ń pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kó má bàa wọlé, pé paraga ti di oúnjẹ alẹ́.

Nítorí náà, ẹ má jókòó kí ẹ máa retí ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́. Ẹ béèrè. Nǹkan mẹ́sàn-án ni àwọn dókítà máa ń wá, ẹ sì lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán béèrè gbogbo rẹ̀ láì gbé ìwé síwájú. Ṣé ọkàn rẹ̀ ń wúwo lọ́pọ̀ ọjọ́? Ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, bíi orin kíkọ, bọ́ọ̀lù wíwò, aṣọ ẹbí, kò dùn mọ́ ọn mọ́? Oorun ńkọ́: ṣé kò wá ni, àbí ó pọ̀ jù? (Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń jí ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, tí oorun ò sì ní padà wá.) Oúnjẹ ńkọ́? Okun ara? Ṣé ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, pé òun ò wúlò? Ṣé ó lè gbájú mọ́ nǹkan, àbí ó ń ka ẹsẹ Bíbélì kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò mọ ohun tó kà? Ṣé ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n so òkúta mọ́, tàbí kò lè jókòó jẹ́ẹ́? Ṣé èrò ikú ń wá? Bí márùn-ún nínú mẹ́sàn-án yìí bá ti ń bá a gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí ọ̀kan nínú méjì àkọ́kọ́ sì wà lára wọn, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i. Òun ni yóò sọ ohun tó ń ṣe é. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lè jọ ọ́, àìsàn ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn (thyroid) lè jọ ọ́, oògùn mìíràn tó ń lò náà lè fà á.

Nǹkan méjì wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dà pọ̀ mọ́ ìrẹ̀wẹ̀sì lásán. Bí abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tí kò sùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já mọ́ra, tí ó ń sọ ohun àjèjì nípa ọmọ náà, ohun tí àwọn ìyá wa ń pè ní abísínwín nìyẹn. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ má sì fi ọmọ sílẹ̀ sọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Èkejì: ẹ bi ẹbí rẹ̀ bóyá ìgbà kan wà rí tí kì í sùn tí kì í sì í rẹ̀ ẹ́, tí ó ń ná owó nínàákúnàá, tí ó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, tí ó ní Ọlọ́run rán òun sí gbogbo orílẹ̀-èdè. Nínú ìjọ, a lè ti pàtẹ́wọ́ fún un nígbà náà pé iná Ẹ̀mí ti bà lé e. Ẹ rí i pé dókítà gbọ́ èyí, nítorí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan lè ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà sínú eré àsápajúdé yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ikú, kí ẹ sì pè é lórúkọ

Níbí ni ẹnu ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń wúwo. A ó ní "Ọlọ́run má jẹ́ẹ̀", a ó yí ọ̀rọ̀ padà. À ń bẹ̀rù pé bí a bá béèrè, a ó fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ń rò ó yóò mí kanlẹ̀ pé ẹnì kan gbọ́ òun wàyí. Ẹni tí kò rò ó yóò ní "rárá o", ọ̀rọ̀ á sì tẹ̀síwájú. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé: "Ṣé ó ti ń ṣe yín bíi kí ẹ sùn kí ẹ má jí mọ́?" Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tẹ̀ lé e: "Ṣé ẹ ti rò ó láti pa ara yín? Ṣé ẹ ti ronú bí ẹ ó ṣe ṣe é? Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ lò wà nílé?" Pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń béèrè ibi tó ń dun ènìyàn.

Etí yín gbọ́dọ̀ là sí òwe. "Ikú yá ju ẹ̀sín" lẹ́nu ẹni tí owó àjọ ènìyàn sọnù mọ́ lọ́wọ́, tàbí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì sọ fún ìyàwó, kì í ṣe òwe mọ́. Ó ń sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún yín ni. Bákan náà ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín aṣọ rẹ̀, tó ń san gbèsè tí ẹnikẹ́ni ò bi í, tó ń súre fún àwọn ọmọ bí ẹni tó ń lọ sí ìrìn-àjò. Ẹ ṣọ́ra fún ara tó ṣàdédé balẹ̀ lójijì.

Bí ó bá ti ní ọ̀nà kan lọ́kàn, ìjókòó ìmọ̀ràn ti parí, ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, àní bó fẹ́ lọ ṣe gáà, kí ẹnì kan dúró nítòsí. Ẹ pe ẹnì kan nínú ẹbí tó fọkàn tán. Kí ẹni yẹn kó oògùn kòkòrò, oògùn jíjẹ àti ohunkóhun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nílé. Kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù tó ní ẹ̀ka pàjáwìrì lónìí, kó má di lẹ́yìn àìsùn ọjọ́ Ẹtì. Ẹ má mú un búra pé òun kò ní ṣe é kí ẹ wá ní kó máa lọ sílé. Ìbúra ò ní bá a sùn mọ́jú.

Ẹbí yóò sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Òótọ́ ni pé ìwé òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa ka ìgbìyànjú láti pa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ẹbí ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìsàn wọn. Ní Èkó, ohun tí òfin ìpínlẹ̀ sọ ni pé kí ilé ẹjọ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọsibítù. Ẹ fọkàn ẹbí balẹ̀, kí ẹ bá wọn lọ. Kí ẹ má sì fi ọ̀run àpáàdì dẹ́rù bà á, mo bẹ̀ yín. Ìtìjú yóò pa á lẹ́nu mọ́, yóò lọ máa ro tirẹ̀ níbi tí ẹ ò ti ní gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ pa ẹnu mọ́ níbi tó yẹ

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́ta jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́. Èmi náà ti la ẹnu bẹ́ẹ̀ rí: "Ṣé o ò nígbàgbọ́ ni?" "Wo iye àwọn tí kò rí tìẹ." "Kí lo ń rò tóbẹ́ẹ̀, ṣebí o lọ́mọ?" Gbogbo rẹ̀ dún bí ìtùnú létí ẹni tó ń sọ ọ́. Ẹni tó ń gbọ́ ọ ń kà á mọ́ ẹ̀bi rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù. Ọmọbìnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́, wá bá mi nígbà tí iṣẹ́ yìí ṣì jẹ́ tuntun sí mi. Mo ní kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu. Mi ò béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá béèrè ni, mi ò bá ti gbọ́ pé ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí gaàrí díẹ̀ lálẹ́ ni gbogbo ohun tó ń wọ ẹnu rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ààwẹ̀ ló dákú sínú balùwẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ó yè, a dúpẹ́. Láti ìgbà náà, mi ò fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì ní ààwẹ̀ mọ́, mi ò sì pè é sí àìsùn, nítorí oorun díẹ̀ tó ń rí sùn ni à ń tún gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Bí ìjọ bá ń gbààwẹ̀, mo máa ń sọ fún un pé, "Ẹ̀yin ẹ jẹun, àwa a gbà á fún yín." Ẹ rántí pé nígbà tí Èlíjà ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, oorun àti àkàrà ló kọ́kọ́ rí gbà, lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lílé ẹ̀mí jáde ńkọ́? Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀kọ́ ìjọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n pàṣán, ẹ̀wọ̀n, ata lójú, àti kí a máa ti ènìyàn ṣubú níwájú ìjọ, kò sí èyí tó wò ìrẹ̀wẹ̀sì sàn rí lójú mi. Mo ti rí àpá ẹ̀wọ̀n lọ́rùn ẹsẹ̀ ẹni tó jẹ́ pé ohun tó ń ṣe é kò ju kí ó rí dókítà lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, díẹ̀díẹ̀

Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gbàdúrà: "Ṣé kí n gbàdúrà báyìí, àbí kí a ṣì jókòó?" Ẹ ó rí ẹni tó máa ní kí a ṣì jókòó. Kò burú. Bí ẹ bá máa gbà á, kí ó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ní ohùn tí kò ní jẹ́ kí àyà rẹ̀ já. Ẹ pe ohun tó sọ fún yín padà fún Ọlọ́run, kí ó lè mọ̀ pé ẹ gbọ́.

Ẹ má kó ẹsẹ ìṣẹ́gun dà sílẹ̀ bí ẹni ń da àgbàdo fún adìẹ. Sáàmù kejìdínláàádọ́rùn-ún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbe, ó sì parí sínú òkùnkùn. Kò sí "ṣùgbọ́n" kankan ní ìparí rẹ̀. Mo máa ń kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mà á sì dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni náà máa ń sọ pé, "Ìyẹn gan-an ni mo ń sọ." Ó yà wọ́n lẹ́nu pé irú rẹ̀ wà nínú Bíbélì. Náómì náà padà dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ó ní kí wọ́n má pe òun ní Náómì mọ́, Mara ni kí wọ́n máa pè é, nítorí Olódùmarè ti mú ayé korò fún òun. Ẹ wá ibi tí ẹnikẹ́ni ti bá a wí nínú orí náà. Kò sí.

Bí kò bá lè gbàdúrà fún ara rẹ̀ mọ́, ẹ má sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé arọ gba òrùlé wọlé, Máàkù sì sọ pé ìgbàgbọ́ wọn ni Jésù rí. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Nísinsìnyí, àwa la ń gbé yín. Ẹ dùbúlẹ̀." Àwọn tó fẹ́ràn orin ìjọ àtijọ́, mo máa ń sọ ìtàn William Cowper fún wọn, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ayé láti 1731 sí 1800, tí orin rẹ̀ wà nínú ìwé orin Yorùbá wa títí dòní. Ìrẹ̀wẹ̀sì bá a jà láti ìgbà èwe títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀, ó sì gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Newton, tó jẹ́ àlùfáà, gbà á sílé fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ilé ló fún un, ju ìwàásù lọ.

Ohun kan ṣì kù níbí tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ yàtọ̀: ẹ̀bi tòótọ́ àti ẹ̀bi àìsàn. Ẹni tó jẹ̀bi tòótọ́, bí ó bá jẹ́wọ́, tí ẹ sì jọ gbàdúrà, ara á tù ú, á sì lọ tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú yóò jẹ́wọ́ lónìí, yóò tún padà wá lọ́la pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, náírà mẹ́wàá tó jí nínú àpò bàbá rẹ̀ nígbà tó wà ní kíláàsì kẹrin. Yóò ní òun ti ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì. Bí ẹ bá ti gbọ́ ìjẹ́wọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ má gbà á ní ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ẹ sọ fún un pé: "Àìsàn ló ń sọ èyí. A ti yanjú ti ẹ̀ṣẹ̀."

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Iṣẹ́ kékeré, nínú ìwé

Ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń sọ fún ènìyàn pé kí ó dúró di ìgbà tí nǹkan bá wù ú kí ó tó ṣe é. Ẹ yí i padà: kí ó ṣe é ní kékeré, wíwù a máa tẹ̀ lé e. Mo máa ń fún wọn ní ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé, tín-ínrín, tí wọ́n ó máa kọ ohun kan péré sí lójúmọ́. Ti ìyá tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí rí báyìí ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ rẹ̀ ló bá a kọ ọ́:

Ọjọ́ Ajé: mo wẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán.
Ìṣẹ́gun: mi ò ṣe nǹkan kan.
Ọjọ́rú: mo jókòó síta, mo ṣa ẹ̀gúsí, ife kan.
Ọjọ́bọ̀: mo kí Ìyá Alákàrà.
Ẹtì: mi ò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ̀bà.

Ẹ má bá a wí lórí Ìṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ Ọjọ́rú ni kí ẹ bi í: báwo ni ara rẹ̀ ṣe rí nígbà tó ń ṣa ẹ̀gúsí? Ó ní fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun ò ronú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn la mú ṣe ogún ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Èrò náà wà láti yẹ̀ wò. Bí ó bá ní "Ọlọ́run ti kọ̀ mí", ẹ má ta kò ó. Ẹ bi í: "Kí lẹ rí tí ẹ fi mọ̀?" Ẹ jẹ́ kí ó ka ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá jọ wá ẹ̀rí ìhà kejì. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀, ẹ má kánjú.

Nígbà mìíràn kẹ̀, owó ilé ló dé, tàbí ọkọ tó ń na ìyàwó. A kì í fi Sáàmù san owó ilé. Bí àpò ìrànwọ́ ìjọ bá wà, ìgbà yìí ni kí ẹ ṣí i. Obìnrin tí wọ́n ń nà, ẹ má sọ fún un pé kí ó lọ fara dà á. Kí ó kọ́kọ́ wà níbi tí ọwọ́ ò ti ní tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn ìgbà náà lẹ tó lè sọ̀rọ̀ ọkàn.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ bá a lọ sí ọsibítù

Mo ní ẹ bá a lọ. Ẹni tí kò lókun láti wẹ̀ kò ní lè dá nìkan dúró lórí ìlà káàdì láti aago méje àárọ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní ọsibítù ìjọba tó súnmọ́ yín, kí wọ́n fi ìwé darí yín. Ní Ìbàdàn, UCH, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ìbàdàn, ní ẹ̀ka àìsàn ọpọlọ. Èkó ní ọsibítù àìsàn ọpọlọ ti Yábá. Abẹ́òkúta sì ní Aró.

Àwọn orúkọ yẹn máa ń dẹ́rù ba ènìyàn. "Ṣé wèrè ni mí tí ẹ fi ń mú mi lọ sí Aró?" Mo máa ń sọ ìtàn Aró fún wọn. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Dókítà Adéoyè Lambo tó dá ètò ibẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1954. Ó ní kí ẹbí aláìsàn bá a wá, kí wọ́n jọ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, kí wọ́n máa dáná, kí wọ́n máa lọ sóko, kí wọ́n sì wá gba ìtọ́jú. Gbogbo ayé wá kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀. Òfin náà ti yí padà: Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ló gba ipò òfin wèrè àtijọ́.

Ẹ kọ́ nípa oògùn, nítorí ọ̀dọ̀ yín ni yóò ti wá ráhùn. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kì í ṣiṣẹ́ bíi paracetamol. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ọkàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu gbígbẹ, ìríra tàbí oorun lè dé láti ọjọ́ kìíní. Àárín ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń jù ú nù. Ẹ tún sọ fún un pé bí ara bá yá, kí ó má dá a dúró. Ó kéré tán, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ara yá ni wọ́n sábà máa ń lò ó dé, dókítà ni yóò sì rọra dín in kù. Bí ó bá ń mu àgbo, kí dókítà gbọ́.

Ọ̀tá tó wà nítòsí ni ẹ̀rí. Ẹnì kan yóò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, yóò ní "mo ju oògùn nù, Olúwa wò mí sàn", ẹni yín tó jókòó sẹ́yìn yóò sì lọ ju tirẹ̀ nù lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti bẹ pásítọ̀ wa pé kí a máa gbọ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì ná kí a tó gbé e síta. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní oògùn ta ko ìgbàgbọ́, ẹ ṣí Ọba Kejì orí ogún fún un. Àìsáyà wòlíì fúnra rẹ̀ ló mú ìlérí ìwòsàn wá fún Hesekáyà, òun náà ló sì ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo náà. Ní ọdún 2020, ìwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà jáde, lórí àìsàn ọpọlọ tó le ju ìrẹ̀wẹ̀sì lọ: níbi tí àwọn olùwòsàn inú ìsìn àti ti ìbílẹ̀ ti bá òṣìṣẹ́ ìlera ṣiṣẹ́ pọ̀, ara àwọn aláìsàn yá ju ibi tí ìtọ́jú ti rí bó ṣe máa ń rí lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹbí

Pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀, ẹ pe ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tí ẹnu rẹ̀ gba ọ̀rọ̀. Kí ẹni yẹn máa tọ́jú oògùn, kí ó máa fún un ní ìwọ̀n ọjọ́ kan. Ẹ sọ fún un pé aláìsàn náà kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ìkà. Bí ìyá ọkọ bá fẹ́ gbé e lọ sórí òkè, ẹ má bá Ìyá jà, ẹ ní, "Ẹ ṣeun, Màmá, ẹ bá wa máa gbàdúrà nílé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ní láti rí dókítà."

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ má jẹ́ kí ó dìde láì dá ọjọ́

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa tún ríra sínú ìwé kí ó tó kúrò lórí àga. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ní oṣù kìíní. Bí kò bá wá, ẹ pè é lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró de ọ̀la. Ìfàsẹ́yìn yóò wà. Ẹ sọ ọ́ fún un ṣáájú kí ó má bàa rò pé Ọlọ́run tún ti padà lẹ́yìn òun. Ẹ̀yin náà ẹ má gba ju ẹni mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì ní ẹnì kan tí ẹ̀yin ń sọ tiyín fún. Mo kọ́ ìyẹn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ìyá yẹn wọlé, ó jókòó sí àárín àga. Kò mẹ́nu ba orí fífọ́. Ó ní aláta kan ní Bódìjà fẹ́ ta ìsọ̀rí ata kan fún òun ní iye tí òun ń rà méjì tẹ́lẹ̀, àti pé òun dá a lóhùn débi pé àwọn ènìyàn dúró wò. Ó ṣì ń bínú nígbà tó ń sọ ọ́. Mo mú ìwé rẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀: Ọjọ́rú, ó bá aláta jà. Mo sì kọ ọjọ́ Wẹ́sìdeè tó ń bọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.